Láti Orí 2go Dé Flutter: Aṣọ Wo Ni Ká Rán fún Fóònù?

Ẹni tó bá ra aṣọ ní Gbági mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni aṣọ fi ń di ẹ̀wù. Télọ̀ lè wọn èèyàn láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, kó gé e mọ́ ọn lára. Ó sì lè rán bùbá kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní free size, tí ìyá lè wọ̀ kí ọmọ náà sì wọ̀ ọ́. Irú àríyànjiyàn yìí ló wà láàárín àwọn tó ń kọ áàpù fóònù. Native ni wọ́n ń pe áàpù tí a kọ fún irú fóònù kan ṣoṣo, ní èdè tí fóònù náà gbọ́: Kotlin fún Android, Swift fún iPhone. Cross-platform ni èyí tí a kọ lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù oríṣiríṣi. (Ẹ má fi native yìí pe agbádá o.)

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Bí a bá fẹ́ gbé ìwé atúmọ̀ èdè tàbí kíbọọ̀dù Yorùbá sórí fóònù, owó wa kò tó, àkókò wa kò tó. Bí a bá yan ọ̀nà tí kò yẹ, iṣẹ́ náà lè má dé ọwọ́ àwọn tí a torí wọn ṣe é.

Gbági ti rí irú rẹ̀ kí fóònù tó dé. Reluwé wọ Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì tẹ̀dó sí Gbági, àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánọ́nì àti Íńdíà náà wá. Kí ọjà aṣọ tó ṣí lọ sí Gbági Tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ra ankara, aṣọ tí àwọn ará Họ́láǹdì fi ṣe àfarawé bàtíkì erékùṣù Java, tí wọ́n sì tà káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àmọ́ àwọn ìyá aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ìyẹ́ adìẹ ya Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Ọ̀kan kárí ilẹ̀, ọ̀kan mọ ilé. Àwọn méjèèjì ló rí oníbàárà.

Ó pa wá lẹ́rìn-ín pé orúkọ Java yìí kan náà ló tún padà wá bá wa nínú fóònù. Èdè kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Sun gbé jáde ní 1995 gba orúkọ rẹ̀ lára kọfí erékùṣù náà, ìlérí rẹ̀ sì ni pé ohun tí a bá kọ lẹ́ẹ̀kan yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Nígbà tó yá, Nokia kéékèèké tó gbọ́ Java kún ìgboro. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó lo 2go lórí wọn, tẹ́ ẹ fi òru wá bí ẹ ó ṣe di Master, cross-platform lẹ ń lò yẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba ohun tí gbogbo fóònù jọ ní ló lè fi ṣiṣẹ́.

Aṣọ tí a gé mọ́ BlackBerry lára ni BBM ní tirẹ̀. Ó yá, ó rẹwà, ó ń sọ fúnni nígbà tí wọ́n bá ti ka ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní PIN kò sí nínú ẹgbẹ́. Ìgbà tí BBM yóò fi dé orí Android àti iPhone ní oṣù Ọ̀wàrà 2013, WhatsApp ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2019 ni wọ́n ti BBM tí aráàlú ń lò pa.

Ti WhatsApp ló yẹ ká fara balẹ̀ wò, torí kò yan free size. Ṣe ni wọ́n rán aṣọ fún fóònù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: iPhone ní 2009, lẹ́yìn náà BlackBerry, Android, títí kan Nokia S40 kékeré tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ kò kà sí. Wọn ò pa ti S40 tì títí di ìparí 2018. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì lérè: nígbà tí Facebook rà wọ́n ní 2014, bílíọ̀nù 19 dọ́là ni, òṣìṣẹ́ wọn kò sì ju nǹkan bí 55 lọ.

Facebook fúnra rẹ̀ ti fara gbá a. Ní 2012, Zuckerberg jẹ́wọ́ ní gbangba pé HTML5 tí àwọn gbára lé fún fóònù jẹ́ àṣìṣe ńlá, wọ́n sì tún áàpù iPhone wọn kọ ní native. Àmọ́ ní 2015, àwọn yìí náà ló gbé React Native jáde, tó tún jẹ́ cross-platform! Airbnb lò ó, wọ́n sì kéde ní 2018 pé àwọn ń fi í sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Google gbé Flutter 1.0 jáde.

Lójú tiwa, ìwé atúmọ̀ èdè yẹ ní cross-platform. Android ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn nílé, ṣùgbọ́n iPhone pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, àwọn ọmọ wọn ló sì nílò ìwé náà jù. Ó kù sọ́wọ́ àmì ohùn. Unicode ní é, ó ní ẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan; àmì ni a ń gbé lé ẹ lórí, bí fọ́ǹtì kò bá sì dára, àmì náà á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Flutter fúnra rẹ̀ ló ń ya lẹ́tà sójú fóònù, nítorí náà bí a bá fi fọ́ǹtì tó dára sínú áàpù, bákan náà ni ẹ́ yóò rí lórí Tecno àti iPhone. Ohun tí a ó san fún un ni pé áàpù náà yóò tóbi ju native lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí àyè fóònù rẹ̀ ti kún fún fídíò.

Kíbọọ̀dù ò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé fóònù gan-an ló ń gbé, abẹ́ gbogbo áàpù yòókù ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wúwo, gbogbo fóònù ló máa fà. Ìlànà Android àti ti iPhone lórí rẹ̀ kò jọra rárá, Apple kò tilẹ̀ gba kíbọọ̀dù ẹlòmíì láyè títí di 2014. Native ni yóò jẹ́, Android la ó sì fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wà lọ́wọ́ ìyá aláṣọ tó ń polówó ọjà lórí WhatsApp ní Gbági. Ẹ̀yin oní-iPhone, ẹ ní sùúrù, tiyín ló máa gbẹ̀yìn.