Bobby Benson

Bernard Ọlábínjọ Benson (11 oṣù kẹrin ọdún 1922 – 14 oṣù karùn-ún ọdún 1983), tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bobby Benson, jẹ́ onígìtá, afọnfèrè saxophone, aláwàdà àti olórí ẹgbẹ́ olórin láti ìlú Ìkòròdú ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ìtàn orin sábà máa ń kà á sí ẹni tó kọ́kọ́ gbé gìtá oníná dé orí ìtàgé ní Èkó, ní nǹkan bí ọdún 1948. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Bobby Benson Jam Session Orchestra, jẹ́ ibi tí púpọ̀ nínú àwọn àgbà olórin highlife ilẹ̀ Nàìjíríà ti kọ́ṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀

Ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n bí Benson sí ní Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, T.O.S. Benson, jẹ́ agbẹjọ́rò àti olóṣèlú tó di Mínísítà fún Ètò Ìròyìn ní ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn tí Bobby jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó ṣe afẹ̀ṣẹ́jà fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó di atukọ̀ nínú ọkọ̀ òkun àwọn oníṣòwò.

Ní ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò sì padà sínú rẹ̀ mọ́. Ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ oníjó kan tí à ń pè ní Negro Ballet, ó sì bá wọn rin ìrìn àjò dé àwọn olú-ìlú kan ní Yúróòpù. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Cassandra, tí ẹ̀jẹ̀ Skọ́tíláńdì àti ti Kàríbíánì pàpọ̀ nínú rẹ̀, tó sì di aya rẹ̀. Àwọn méjèèjì dé sí Nàìjíríà ní ọdún 1947.

Gìtá ní Èkó ṣáájú Benson

Gìtá kì í ṣe àjèjì ní Èkó nígbà tí Benson dé. Àwọn atukọ̀ òkun, pàápàá àwọn Kru láti etíkun Làìbéríà, ti gbé e káàkiri àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́. Ní ilé ẹlẹ́mu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ ọ. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni orin jùjú ti jáde, Túndé King sì ti gba jùjú sínú àwo ní ọdún 1936. Síbẹ̀, ní ojú ọ̀pọ̀ òbí, alágbe ni olórin, gìtá kò sì jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ ilé ọlá ń ṣe.

Ìdíwọ́ kejì wà lára ohun èlò náà fúnra rẹ̀. Ohùn gìtá onígi kò ròkè. Bí ìlù bá ti pọ̀ tàbí tí fèrè bá ti dún, yóò bò ó mọ́lẹ̀. Gìtá oníná ní òòfà lábẹ́ okùn rẹ̀, tí ó ń sọ gbígbọ̀n okùn náà di iná mànàmáná. Ẹ̀rọ kan yóò wá gba iná yìí, yóò sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Onígìtá kan ṣoṣo lè tipa báyìí dá dúró láàárín ẹgbẹ́ ńlá kí gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ.

Jam Session àti orin highlife

Benson àti aya rẹ̀ dá Bobby Benson and Cassandra Theatrical Party sílẹ̀. Ọkọ a máa ta gìtá, a sì máa fọn saxophone. Aya a máa jó. Benson tún jẹ́ aláwàdà àti onídán, nítorí náà eré wọn kì í ṣe orin nìkan. Láti inú ẹgbẹ́ yìí ni Jam Session ti jáde, tí ó ń lu swing, samba àti calypso fún àwọn oníjó.

Orin òkèèrè ni ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí E.T. Mensah kó ẹgbẹ́ Tempos wá láti Gold Coast (Gánà òde òní) sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìlù highlife gba ìgboro kan, Benson náà sì yí sí i. Ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹlẹ́ni 11, ó sì fi àwọn afọnfèrè trumpet kún un. «Taxi Driver» ni orin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. «Gentleman Bobby», «Nylon Dress» àti «Niger Mambo» tẹ̀ lé e. Randy Weston, atẹdùùrù jazz ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe àbẹ̀wò sí Èkó ní ọdún 1961, tún «Niger Mambo» gbà sínú àwo rẹ̀, Highlife, ní ọdún 1963.

Caban Bamboo

Benson kọ́ ilé fàájì tirẹ̀, Caban Bamboo, sí ojú ọ̀nà Ìkòròdú, òpópónà tó gba Fádèyí àti Onípàánù kọjá lọ sí ìlú tí wọ́n ti bí i. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di Hotel Bobby. Olórin ìgbà náà sábà máa ń dúró de ẹni tí yóò háyà rẹ̀. Onílé fàájì ló ń pinnu ẹni tí yóò ṣeré àti iye tí yóò gbà. Nípa kíkọ́ ilé tirẹ̀, Benson di onílé àti olórin lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá

Lára àwọn tó bá Benson ṣiṣẹ́ ni Victor Ọláìyá, tó lọ dá Cool Cats sílẹ̀ ní ọdún 1954, Roy Chicago, Rex Lawson, Eddy Okonta àti Zeal Onyia. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ afọnfèrè, èyí ló mú kí àwọn ènìyàn máa rántí Jam Session gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ fèrè.

Ipa rẹ̀ lórí gìtá

Bí a bá wo ohun tó ṣẹ́kù títí di òní, gìtá ni ó pẹ́ jù. Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Ní àkókò yìí kan náà, lẹ́yìn ogun, ni gángan ń wọlé sínú jùjú, gìtá sì nílò ohùn tí yóò lè bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ogun Abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, púpọ̀ nínú àwọn olórin Ìlà-Oòrùn ti kúrò ní Èkó. Àwọn ẹgbẹ́ highlife ńlá dínkù, jùjú sì gba òde àríyá. Ebenezer Obey àti King Sunny Adé sọ gìtá kan di púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn. Démọ́lá Adépọ̀jù, tó ń ta gìtá pedal steel fún Sunny Adé, ta á nínú orin «Graceland» ti Paul Simon ní ọdún 1986.

Ikú rẹ̀

Bobby Benson kú ní Èkó ní 14 oṣù karùn-ún ọdún 1983, ní ẹni ọdún 61. Ọmọ rẹ̀, Tony Benson, náà ṣe iṣẹ́ orin.