Orísun Iṣẹ́ Abẹ Àtúnṣe Ojú

Àwọn tí ó ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ojú sí fààrí olówó gbàgbé Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní 1917 ni ilé-ìwòsàn kan ṣí ní Sidcup, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ọmọ-ogun tí ọta ìbọn ti gé imú tàbí àgbọ̀n wọn lọ. Harold Gillies kì í gé awọ àyà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń rán etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ọ̀pá oníhò, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba inú rẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ojú. (Lónìí, a lè rán iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an mọ́ra lábẹ́ máíkírósíkóòpù.) Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ìlú náà, wọ́n kun àwọn bẹ́ǹṣì kan ní búlúù, kí ará ìlú lè mọ irú ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan pe èyí ní àánú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.