Ilẹ̀ Kì Í Jẹrà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ní Àpòmù ìgbà kan, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àpèjúwe lásán. Ọjà ìlú náà ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń jí èèyàn gbé tà níbẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ka àríyànjiyàn lórí iye ataare nínú ọjà yẹn mọ́ ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀.

Lóde òní, ilẹ̀ ni ará ilé tí à ń tà. Ẹbí á ta oko bàbá wọn kíákíá nítorí owó òkú tàbí owó ilé-ìwé, ọmọ wọn á wá máa háyà yàrá. Bí a bá bi onímọ̀ ọrọ̀-ajé léèrè ohun tó fà á tí ilé fi wọ́n, á ní àwọn tó ń wá a pọ̀, ilé ò sì tó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ẹ̀ka sí Ìkirè, nítòsí Àpòmù, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹbí nílùú sì gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Àmọ́ ìdáhùn yẹn tètè parí jù fún mi. Nígbà tí ilé wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ púpọ̀ sí i?

Ẹ wo dòdò Ìkirè, aládùn dúdú tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ṣe, tí wọ́n ń fi ata sí, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni; bí kò bá tà lónìí, yóò di ìdọ̀tí lọ́la. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti kún ọjà, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ilẹ̀ kì í jẹrà. Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì lẹ́bàá òpópónà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ lè to búlọ́ọ̀kù díẹ̀ yí i ká, kí igbó bò ó fún ọdún mẹ́wàá, kó má sì ka ara rẹ̀ sí ẹni tó pàdánù. Náírà tó bá fi sí báńkì ló ń yọ́. Kò wá ibi tí yóò sùn rárá, síbẹ̀ òun náà wà lára “àwọn tó ń wá a”.

Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní tòótọ́ ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, Báńkì Àpapọ̀ ti gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5%, ti àwọn báńkì tó kù sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò yá irú owó yẹn kọ́ yàrá akẹ́kọ̀ọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ: búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, páànù bí Ọlọ́run bá ṣe é. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹbí la ṣì ti ń rà á, rìsíìtì ẹbí kì í sì í ṣe ohun tí báńkì fẹ́ gbà ní ìdógò. Ẹbí kan náà sì lè ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. (Ẹ ò rí ohun tí wọ́n ń kọ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe fún títà?)

Bí wọ́n bá kọ́ ilé ibùgbé tó tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkirè, owó yàrá lè rọlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ti pulọ́ọ̀tì ẹ̀bá títì kò ní mì, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń rà á.