Ọjọ́ Kan Ni T'Olóhun: Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹfà 1998, ní Ìlú Hyde

Lọ́dún 1998, ní ìlú Hyde lẹ́bàá Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ Dókítà Harold Shipman rí, àlejò ni. Ọdún 1977 ló ti dé ìlú náà. Nígbà tó di 1992, ó kúrò láàárín àwọn dókítà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì dá kílíníkì tirẹ̀ sílẹ̀ lójú pópó Market Street. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lé ní 3,000. Ó níyàwó, ó bímọ mẹ́rin, ó dá irùngbọ̀n sí, ó ń wo awò ojú. Ohun tí àwọn àgbàlagbà ìlú fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé kò kọ̀ láti wá wò wọ́n nílé, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ti ń sọ pé àwọn ò ráàyè.

Dókítà yìí kan náà ló ń pa wọ́n. Ọ̀sán gangan ló ń pa wọ́n, nínú yàrá ìgbàlejò tiwọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é tí ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló tú u fó, ọjọ́ náà la fẹ́ tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Alẹ́ tó ṣáájú

Màmá Kathleen Grundy ti pé ẹni ọdún 81, àmọ́ ara wọn ṣì le koko. Wọ́n ti ṣe méyọ̀ Hyde rí, láàárín 1962 sí 1963. Láti 1968 ni ọkọ wọn ti kú, màmá sì ń dá gbé ní ilé kan ní Gee Cross, létí ìlú. Wọn kì í jókòó sílé: àwọn àti ẹgbẹ́ aláàánú Age Concern ni wọ́n jọ máa ń bójú tó oúnjẹ ọ̀sán àwọn arúgbó.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ wọn kan yà kí wọn. Màmá sọ fún un pé dókítà ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti wá gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn. Ìwádìí kan lórí ọjọ́ ogbó ni dókítà ní òun fẹ́ lò ó fún. Ọ̀rọ̀ náà kò le débi tí èèyàn á fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni yóò fura sí dókítà tó wá gba ẹ̀jẹ̀?

Nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀

Àárọ̀ ni Shipman ti dé, kí kílíníkì tó kún. Kò sí ẹlẹ́rìí nínú ilé yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí lára òkú lẹ́yìn náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ yóò ká apá aṣọ sókè, yóò na apá síwájú, yóò sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí abẹ́rẹ́. Apá náà ni Shipman fẹ́. Dípò kó fa ẹ̀jẹ̀ jáde, diamorphine ló fà sí i.

Oògùn apàrora ni diamorphine. Àwọn tí jẹjẹrẹ ti dá lóró dé ojú ikú ni dókítà sábà máa ń fún, kí ìrora wọn lè rọlẹ̀. Orúkọ tí àwọn ọmọ ìta mọ̀ ọ́n sí ni heroin. Bó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tó sì gba inú iṣan wọlé, oorun ni yóò kọ́kọ́ kun èèyàn, èémí á máa lọ́ra, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò sì dá. Kì í sí ariwo, kì í sí ìjàkadì, ojú òkú á tutù bíi ti ẹni tó ń sùn.

Báwo ló ṣe ń rí oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ lójú méjèèjì yìí? Orúkọ àwọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe ló fi ń kọ ọ́, ó sì ń kó èyí tó bá ṣẹ́ kù nílé òkú sápò. Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí i. Lọ́dún 1976, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Todmorden, ó ń kọ ìwé oògùn èké láti fi gba pethidine tó ń gún fún ara rẹ̀. Owó ìtanràn £600 ni wọ́n bù fún un. Wọn ò gba ìwé àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò sọ ìtàn náà fún àwọn aláìsàn Hyde.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà

Bí òkú ṣe wà nílé ní Gee Cross, lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan láàárín Hyde. Ìwé ìhágún ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tàípù tẹ̀ wúruwùru. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Màmá Grundy fi gbogbo ohun tí wọ́n ní, owó àti ilé, sílẹ̀ fún dókítà wọn. Ogún náà tó nǹkan bíi £386,000.

Àwọn lọ́yà yìí ò ṣiṣẹ́ fún màmá rí. Ọmọ bíbí inú màmá, obìnrin, lọ́yà ni, òun ló sì ń bá ìyá rẹ̀ rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tó tọwọ́ bọ ìwé náà sì jẹ́ aláìsàn tó jókòó sí kílíníkì Shipman lọ́jọ́ 9 oṣù náà. Dókítà yọjú, ó ní kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí bébà kan. Bébà náà ti wà ní kíká, wọn ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n padà jókòó, wọ́n ń retí kó kan àwọn.

Ọ̀sán

Wọ́n ti ń retí màmá níbi oúnjẹ àwọn arúgbó, wọn ò rí wọn. Ẹni tí kì í pẹ́ dé ni, nítorí náà ọkùnrin méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ wò wọ́n nílé. Orí àga onítìmùtìmù ni wọ́n bá wọn, wọ́n múra tán bí ẹni tó fẹ́ jáde, ara wọn ti tutù.

Àwọn ọkùnrin náà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ní Hyde ìbá ṣe: dókítà màmá ni wọ́n ké sí. Shipman dé. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju ká fọwọ́ kan òkú lọ. Ó ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí ó yẹ kó ta èèyàn létí: ó ní kí wọ́n lọ bá àwọn lọ́yà kan báyìí. Àwọn lọ́yà tí lẹ́tà wọ ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ yẹn ló ń sọ. Àwọn ọkùnrin náà pè wọ́n, àwọn yẹn ní kí wọ́n lọ bá ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ló sì wá ọmọ màmá kàn lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ikú

Nígbà tí ọmọ bi dókítà léèrè, ó ní kò sídìí láti yẹ òkú wò, nítorí òun rí màmá láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Àrékérekè ọ̀rọ̀ náà rèé: òótọ́ ni ó rí wọn. Àbẹ̀wò tó fi pa wọ́n ló tún fi sọ ọ̀rọ̀ di òfin, torí pé dókítà tó rí aláìsàn láìpẹ́ sí ikú rẹ̀ lágbára láti kọ ohun tó pa á. “Ọjọ́ ogbó” ni Shipman kọ sínú ìwé ẹ̀rí ikú obìnrin tó ń lọ fún arúgbó mìíràn lóúnjẹ.

Àwọn kan ti fura ṣáájú. Àwọn dókítà kílíníkì Brooke, tó wà nítòsí tirẹ̀, ló máa ń fọwọ́ kejì sí ìwé tí òfin béèrè fún kí wọ́n tó sun òkú. Linda Reynolds, ọ̀kan nínú wọn, ṣírò rẹ̀ wò: láàárín oṣù mẹ́ta, 14 ló kú lọ́dọ̀ àwọn tí aláìsàn wọn tó 9,500, 16 ló kú lọ́dọ̀ Shipman tí tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi 3,100 lọ. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹta 1998, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún kọ́rónà, ìyẹn aláṣẹ tó ń wádìí ikú tó mú ìfura dání, kọ́rónà fi tó ọlọ́pàá létí. Wọn ò tiẹ̀ wo ìwé bóyá ilé ẹjọ́ ti dá Shipman lẹ́bi rí. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin wọ́n pa fáìlì dé pé kò sí nǹkan kan. Èèyàn mẹ́ta ni Shipman tún pa lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Grundy sì ni ẹ̀kẹta.

Ohun tó kọ sínú fáìlì

Shipman kò fi mọ sórí ìwé ẹ̀rí ikú. Ó ki ọ̀rọ̀ bọ fáìlì màmá, ó fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i, kó lè dà bíi pé ìyá arúgbó náà ti di ẹrú oògùn bíi codeine. Bí ẹnikẹ́ni bá wá rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ òkú, fáìlì á ti dáhùn sílẹ̀ dè é. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún obìnrin mìíràn tó kú lọ́jọ́ 11 oṣù Karùn-ún. Ohun tí kò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà ń kọ ọjọ́ tó tẹ ọ̀rọ̀ gan-an pamọ́: ọjọ́ ikú obìnrin náà ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Ìwé ìhágún ló kó bá a. Nígbà tí ọmọ màmá rí i, ó mọ̀ pé ìyá òun ò lè tẹ irú ìwé yìí, ó sì gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹjọ wọ́n hú òkú jáde. Sínsin ni wọ́n sin màmá, wọn ò sun wọ́n. Morphine sì wà nínú ẹran ara wọn. Àmì ìka ọmọńdinrín òsì Shipman wà lára ìwé náà, ẹ̀rọ tàípù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní màmá a máa yá a lò. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n mú un. Síbẹ̀, àwọn aláìsàn kan ń fi káàdì ìtùnú ránṣẹ́ sí kílíníkì, pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ dókítà àwọn.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní 2000, ilé ẹjọ́ ní Preston dá a lẹ́bi ikú obìnrin 15. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Janet Smith darí kéde ní 2002 pé 215 ni àwọn tí ó dájú pé ó pa láti 1975: obìnrin 171, ọkùnrin 44. Ìgbìmọ̀ náà padà fojú bù ú sí nǹkan bíi 250. Shipman ò jẹ́wọ́ ọ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní 2004 ó pokùnso nínú ẹ̀wọ̀n Wakefield, ó ku ọ̀la kó pé ọmọ ọdún 58.

Ọ̀pọ̀ ni wọ́n sọ pé ìgbé ayé méjì ló gbé, pé ọ̀kan hàn, èkejì sì farasin. Bí a bá tọ ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn dáadáa, a ò rí méjì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Báàgì tó fi ń tọ́jú ni ó fi ń pani, àbẹ̀wò tí ìlú fi ń yìn ín ló fi ń wọlé, gègé tó fi ń kọ oògùn ló fi ń kọ irọ́ nípa ikú. Ọwọ́ kan ló di ohun gbogbo mú, bí wọn ò bá sì ní sun òkú, kò sí dókítà mìíràn tí òfin ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí òfin wá tún ṣe nìyẹn: láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 2024, ní England àti Wales, bí kọ́rónà kò bá ti gba ọ̀rọ̀ náà, dókítà mìíràn tí kò lọ́wọ́ nínú ìtọ́jú olóògbé gbọ́dọ̀ yẹ ohun tí wọ́n ní ó pa á wò, kó sì bi ẹbí bóyá nǹkan kan ń kọ wọ́n lóminú. Ọdún 26 ló gbà wọ́n kí wọ́n tó fi ojú kejì sí i.