Lọ́kẹ́ẹ̀tì àti Ojú Ẹni Tó Lọ

Lọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀ṣọ́ ọrùn tó ní inú: ó ṣeé ṣí, ó ṣeé pa dé, àwòrán tàbí irun ẹni ọ̀wọ́n ni wọ́n sì ń fi sínú rẹ̀. Òrùka tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ní nǹkan bí ọdún 1575 ń ṣí bẹ́ẹ̀. Àwòrán tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti obìnrin kan tí ọ̀pọ̀ gbà pé Anne Boleyn ni, ìyá rẹ̀ tí wọ́n bẹ́ lórí nígbà tí òun kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, kú ní December 1861, opó rẹ̀ fi irun rẹ̀ sínú lọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ń wọ̀ ọ́. Àwọn ará ìlú ń wò ó ṣe. Àárín ọ̀fọ̀ yẹn ni Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí Victoria mú bí ọmọ, fẹ́ oníṣòwò Èkó, James Pinson Labulo Davies, ní Brighton ní August 1862. Onífọ́tò Camille Silvy ya àwòrán wọn ní London lọ́dún náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré tó ṣeé kì bọ àpò. Fọ́tò ti mú kí ojú èèyàn ṣeé gbé kiri láìsan owó ayàwòrán ńlá. Nígbà tí Sarah kú ní Madeira ní 1880, òpó ìrántí ni ọkọ rẹ̀ gbé dúró fún un ní Èkó.

Àwa náà ní tiwa. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á, á fún un lóúnjẹ, á sì fi aṣọ gbà á mọ́ra bó bá ń jáde. Ère náà kì í jọ ọmọ tó kú. Bí àgbàlagbà ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Lójú tèmi, ó jinlẹ̀ ju lọ́kẹ́ẹ̀tì lọ: ìrísí òkú ni lọ́kẹ́ẹ̀tì ń tọ́jú, ìtọ́jú ọmọ fúnra rẹ̀ ni ère kò jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Lọ́dún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún tí wọ́n ń tẹ àwòrán ìbejì tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí èjì lè pé.

Àwọn atẹ̀wé náà ní tiwọn: iṣẹ́ ìtẹ̀wé la fi mọ Ṣómólú ní Èkó. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìnáwó òkú ni báàjì: wọ́n á tẹ ojú olóògbé sórí bébà róbótó, wọ́n á fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, ẹ̀rọ á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù tó ní pín-ìn-nì lẹ́yìn. Àyà aṣọ ẹbí ni wọ́n ń fi í há. Lọ́kẹ́ẹ̀tì a máa fi ojú òkú pamọ́ fún ẹni kan ṣoṣo. Báàjì Ṣómólú kọjú síta, kí ẹni tí kò bá olóògbé láyé náà lè mọ ọmọ ẹni tí òun wá bá ṣe.