Ṣakabùlà, láti Àjùdá dé Igbó Ìfọ́n

Ọdẹ tó bá fẹ́ ki ṣakabùlà kò gbọdọ̀ kánjú. Yóò kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi àkísà dí i, yóò sì fi ọ̀pá gún un títí yóò fi kì dáadáa. Lẹ́yìn náà ni yóò da ọta sí i, irin wẹ́wẹ́ tí alágbẹ̀dẹ gé fún un, yóò tún fi àkísà dé e kí ọta má baà dà nù nígbà tó bá dorí ìbọn kodò. Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni yóò tó bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú iná. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìbọn náà yóò sì dún. Kó tó ki òmíràn, ẹran ti wọgbó.

AK-47 ńkọ́? Ọgbọ̀n ọta ló wà nínú àpò rẹ̀ kan, ó sì lè yọ nǹkan bí 600 ọta láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ará Ìfọ́n, Ìdó-Àní àti Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú dídún àwọn méjèèjì.

Àwọn onímọ̀ ètò ààbò tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti 2011, nígbà tí ìjọba Gaddafi wó ní Líbíà tí àwọn ohun ìjà rẹ̀ sì fọ́n ká gbogbo aṣálẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọdẹ Ọ̀sẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìfọ́n wà, fi ń gbé ṣakabùlà kojú agbésùnmọ̀mí ní ọ̀rúndún kọkànlélógún gbọ́dọ̀ padà sí etíkun, kó sì padà sí ìpinnu kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Brussels ní 1890.

Ẹṣin, ọfà àti idà ni Ọ̀yọ́ fi kọ́ ìjọba rẹ̀. Ọ̀nà omi ni ìbọn gbà wọlé: Àjùdá (Ouidah), Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Àgbádárìgì, Èkó. Ènìyàn ni wọ́n fi ń rà á. Àwọn tó sún mọ́ omi ló sì kọ́kọ́ ní i lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn Ìjẹ̀bú fi gbé ìbọn lọ sí ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820, tí ọ̀rọ̀ ogun nílẹ̀ Yorùbá kò sì tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Dàhọ̀mì tó di Àjùdá mú ló jèrè rẹ̀ jù. Ìbọn ni ọmọ ogun wọn lọ́kùnrin lóbìnrin gbé wá sí ẹnu odi Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kétu kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Ní 1886, Dàhọ̀mì fọ́ ìlú náà túútúú, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n sì fa ààlà. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ibodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi aládùúgbò kankan léèrè.

Ní apá ìlà-oòrùn, tó sún mọ́ Ọ̀wọ̀, ọ̀nà mìíràn ni ìbọn gbà. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá a máa dí ọ̀nà Èkó, ni Gómìnà Glover bá ṣí ọ̀nà Oǹdó ní 1872. Ọjà ni wọ́n torí rẹ̀ ṣí i, àmọ́ ẹ̀tù àti ìbọn pẹ̀lú gba ibẹ̀ gòkè. Nígbà tí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà gbóná, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dáwó jọ, wọ́n fi ìbọn Snider tí wọ́n ń ti ìdí ki ránṣẹ́ sí Ọ̀gẹ́dẹ́ǹgbé, olórí ogun wọn, àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìbàdàn tó ti ń fi ṣakabùlà ṣẹ́gun káàkiri wá rí i pé ṣakabùlà kò lè borí mọ́. Ní òdìkejì ààlà tuntun, Béhanzin ọba Dàhọ̀mì náà ń ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Àjùdá, òun ló sì fi kojú Faransé kí Abomey, olú ìlú rẹ̀, tó bọ́ ní oṣù Kọkànlá 1892.

Ohun tó ń dẹ́rù ba Yúróòpù nìyí: aláwọ̀ dúdú tó ní irú ìbọn tí àwọn náà ní. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1890, àwọn orílẹ̀-èdè tó péjọ sí Brussels fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ìbọn àtijọ́ onísáná òkúta àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n yọ sílẹ̀, pé ọjà ìyẹn lè máa bá a lọ. Wọ́n ní kí òwò ẹrú lè dópin ni. N kò ní ta ko ìyẹn, nítorí ìbọn àti òwò ẹrú ti jọ rìn pọ̀ jìnnà. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ìbọn tó yára di ti ìjọba amúnisìn, ṣakabùlà sì kù sọ́wọ́ onílẹ̀. Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò títí dòní, èyí tí wọ́n ṣe ní 1959, ṣì ya ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu ki sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpín tirẹ̀. Inú ìpín yẹn ni ọdẹ wa wà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2019, Ààrẹ Buhari ti gbogbo ibodè ilẹ̀ pa, ti Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò sì wà níbẹ̀. Ìrẹsì àti ohun ìjà tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé ni ìjọba ní àwọn fẹ́ dá dúró. Ibodè ṣì wà ní títì ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2020, nígbà tí Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ń bọ̀ láti ìpàdé ní Àkúrẹ́. Nítòsí Elegbeka ni àwọn agbébọn ti dá ọkọ̀ kábíyèsí lọ́nà, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibodè ṣí. Ọdún kan àti nǹkan bí oṣù mẹ́rin tí géètì Sẹ̀mẹ̀ fi wà ní títì kò yọ ìbọn kan kúrò nínú igbó tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n.

Kò sì yà mí lẹ́nu. Ní oṣù Kìíní 2017, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mú ìbọn pọ́m̀pù 661 ní Èkó. Láti Tọ́kì ni wọ́n ti wá, inú kọ̀ntéénà ni wọ́n wà, èbúté ni wọ́n gbà kọjá. Bí ìbọn ṣe gba etíkun wọlé láyé Ìjẹ̀bú àti Òwu náà ló ṣì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022 dé, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìsìn ń parí lọ ní ìjọ Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Owa-luwa, Ọ̀wọ̀, nígbà tí bọ́ǹbù bú, tí ìbọn sì tẹ̀ lé e. Ó kéré tán, 40 ènìyàn ló kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ọta AK-47 ni àwọn ọlọ́pàá ṣà nílẹ̀, pẹ̀lú bọ́ǹbù tí kò bú. Ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISWAP ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí wọ́n wá gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sílé ẹjọ́ ní Àbújá ní oṣù Kẹjọ 2025, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé ẹgbẹ́ al-Shabaab tó fìdí múlẹ̀ ní Kogi ni wọ́n ń ṣe.

Rotimi Akeredolu, gómìnà Oǹdó nígbà náà, ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, kò lè gbà á mọ́ra. Àmọ̀tẹ́kùn, ikọ̀ ààbò tí àwọn ìpínlẹ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní 2020 ń fi ìbọn ọdẹ àti pọ́m̀pù ṣọ́ igbó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ó bi Àbújá pé kí ló dé tí àwọn ọlọ́dẹ Katsina fi ń gba ẹ̀kọ́ pẹ̀lú AK-47 tí Oǹdó kò sì gbọdọ̀ ní i. Èsì tó gbà ni pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo wà lẹ́yìn gómìnà náà lórí ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ń há mi lọ́nà ọ̀fun. Bí a bá pín AK fún ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní Ìdó-Àní, tí ìyà sì jẹ ẹ́ lọ́la, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Àjọ tó wà lábẹ́ òfin, tí nọ́ńbà ìbọn rẹ̀ wà nínú ìwé, tí ìbọn ń padà sínú ilé ìkóhunjà lálaalẹ́, ló yẹ kó gbé ìbọn bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2006 kò ní kí ìjọba má ní ìbọn. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n sàmì sí i, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa tọpasẹ̀ rẹ̀, àti èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ pẹ̀lú.

Ewu tó wà níwájú báyìí ń bọ̀ láti òdìkejì ibodè tí Kétu wà, láti àríwá Benin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025, sọ́jà Benin 54 ló kú nínú ìkọlù ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí JNIM ní agbègbè igbó ẹranko tí wọ́n ń pè ní W. Kí ọdún náà tó parí, JNIM kan náà sọ pé àwọn ti kọlu àwọn sọ́jà ní Kwara. Láti Kwara sí Kogi, láti Kogi sí Àkókó, kò ju ọ̀nà igbó lọ, Ọ̀wọ̀ ló sì tẹ̀ lé Àkókó.

Pé ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, a ti fojú rí i. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, nígbà tí àwọn sọ́jà kan fẹ́ gbàjọba ní Cotonou, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà ti wà lójú òfurufú Benin lọ́jọ́ náà gan-an. Irú ìyára bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún igbó. Bí ọdẹ kan ní Kétu bá rí àjèjì tó ń kó ẹrù tó wúwo kọjá lóru, kí ọdẹ Ìmẹ̀kọ tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà ti gbọ́ kílẹ̀ tó mọ́, kí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìfọ́n sì ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ àti ti Ọ̀wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ṣakabùlà sínú ìwé láti ọdún yìí lọ, ní abúlé kọ̀ọ̀kan, lọ́dọ̀ olúọdẹ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́.