Àròsọ Kì í Ṣe Irọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní a sọ nǹkan "fictitiously", ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí irọ́. Àròsọ ni: ohun tí a rò, tí a sì sọ. Apàlọ́ a máa fi "Ààlọ́ o!" kìlọ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà "Ṣẹ̀gilọlá" jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó: obìnrin tó ti ṣe aṣẹ́wó rí, tí àìsàn wá dè mọ́lẹ̀. Kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ̀wé káàánú rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló sì ń rò ó kọ! Ó di ìwé ní 1930, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà. Ṣé irọ́ ló pa? Lójú tèmi, àròsọ ni, àfi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fo "Ààlọ́ o!"